Ọjà Ń Tà, Owó Ò Sí: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Ojú Owó Oníṣòwò Kékeré

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í béèrè ìbéèrè yìí: "Ọjà mi ń tà, kí ló dé tí mi ò rí owó ra òmíràn?" Bó bá sì sọ iye tó ń rà á àti iye tó ń tà á, ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè náà. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé ìpolówó ló kù, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Ìṣirò ló ń ṣe é. Ẹni tí kò tíì ta nǹkan kan rí kọ́ ni mo ń bá wí níbí o. Ẹni tó ti ní ọjà nílẹ̀, tó ti ní oníbàárà, tó sì ń pàdánù pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu ni. Mo fi nọ́ńbà sí i kó lè rọrùn láti kà. Iye yòówù tí mo bá dárúkọ, ẹ fi owó ilẹ̀ yín kà á, ìṣirò náà kò ní yí padà.

1. Ẹ má kó owó òwò àti owó ilé sínú àkáǹtì kan. Ẹ ti gbọ́ èyí tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ ṣí èkejì.

2. Ẹ má fi àwòrán ojú fóònù ṣe ẹ̀rí pé owó ti wọlé. Ẹ wọ inú àkáǹtì yín fúnra yín, kí ẹ rí i pé iye tó wà níbẹ̀ ti gòkè, kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Oníbàárà tó bá ń kánjú débi pé kò fẹ́ kí ẹ wò ó, tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò lẹ́ẹ̀mejì.

3. Iye tí ẹ ra ọjà kọ́ ni iye tó fi dé orí igbá. Ẹ jókòó, ibí yìí máa gùn.

Ẹ jẹ́ ká mú páálí kan tó ní ẹyọ 50. Wọ́n tà á fún yín ní 1,000 lẹ́yọ kan, ìyẹn 50,000. Owó ọkọ̀ tó gbé e wá jẹ́ 4,000. Ẹni tó rù ú wọlé gba 1,000. Ọ̀rá àti ìdì tí ẹ máa fi fún oníbàárà jẹ́ 50 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2,500. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di 57,500. Ẹ wá tú páálí, ẹ bá 3 tó ti fọ́, ó ku 47 tó ṣeé tà. 47 yẹn ni ẹ máa fi pín 57,500, kì í ṣe 50. Ẹ pín in: 1,223 àti díẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọjà tí ẹ ń pè ní "ọjà 1,000" kò jẹ́ 1,000 ní ọjọ́ kankan láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé 1,000, wọ́n á tà á ní 1,300, wọ́n á sì máa ná 300 bí ẹni ná èrè. Èrè ibẹ̀ kì í ṣe 300, 77 ni. Bí oníbàárà bá fi káàdì sanwó, tí ẹni tó ń bá yín gba owó náà sì yọ 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, 19.50 tún ti lọ. Ó ku 57.50. Inú 57.50 yìí ni owó ilé ìtajà, iná, dátà àti owó òṣìṣẹ́ yóò ti jáde. Bí gbogbo ìyẹn bá jẹ́ 60,000 lóṣù, ẹyọ 1,044 ni ẹ gbọ́dọ̀ tà lóṣù kan kí ojú owó nìkan tó jáde. Ẹni tó ń ta 300 lóṣù, tó ń sọ pé ọjà ń tà, 42,750 ló ń ti àpò ara rẹ̀ bọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Ìdí nìyẹn tí kò fi rí owó ra òmíràn. Kò sí ọ̀tá kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ gbé ọjà yẹn kan náà sí 1,500. Lẹ́yìn owó káàdì, 254.50 ló kù lórí ẹyọ kan. Bí ẹ bá ta 236, ojú owó ti jáde. Bí ẹ bá ta 300 yẹn, èrè yín jẹ́ 16,350. Ẹ̀rù tó ń ba gbogbo yín ni pé oníbàárà yóò sá. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí 60 nínú wọn sá. 240 tó kù ṣì mú 1,080 wá lórí gbogbo ìnáwó, àwọn 300 ti ìjọ́sí sì ń jẹ yín run. Mi ò sọ pé kí ẹ ṣáà máa gbówó lé ọjà. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye ẹni tí ẹ lè pàdánù láìpàdánù owó, kí ẹ tó máa gbọ̀n.

A ò tíì kúrò ní nọ́ńbà 3, nítorí ẹ̀dínwó ni ọmọ ìyá rẹ̀. (Wọ́n ti ní mo fẹ́ràn láti máa pariwo lórí ẹ̀dínwó. Òótọ́ ni. Mi ò tíì ṣe tán.) Ẹni tó fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà, tó wá kéde ẹ̀dínwó 25 nínú ọgọ́rùn-ún nítorí ọdún ń bọ̀, ó rò pé 5 ṣì kù fún òun. Kò kù. 30 àkọ́kọ́, orí 1,000 ló ti kà á, ó jẹ́ 300. 25 ìkejì, orí 1,300 ló ti ń yọ ọ́, ó jẹ́ 325. Ó ń ta ọjà ní 975, ó sì rà á ní 1,000, ká má tíì sọ ti ọkọ̀ àti ọ̀rá. Bí èrò bá wá pọ̀ lọ́jọ́ náà, á ní àlùbáríkà dé.

Kódà ẹni tí èrè rẹ̀ nípọn kò bọ́. Ẹ wo ọjà tó dé ọwọ́ yín ní 700, tí ẹ ń tà ní 1,000. Èrè orí rẹ̀ jẹ́ 300. Ẹ yọ 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 900, èrè di 200: ẹni tó ń ta 100 tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ta 150 kó tó padà sí ibi tó wà. Ẹ yọ 20, ó di 800, èrè di 100: 300 ni yóò tà báyìí. Ìlọ́po mẹ́ta ọjà ni yóò dì, ìlọ́po mẹ́ta ìbéèrè ni yóò dá lóhùn, owó kan náà ni yóò sì mú délé. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dín owó, ẹ dín in fún ẹni tó ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ sì gbé e fún un lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí owó ọkọ̀ tó dín kù ni ẹ ń pín fún un. Ẹ dín in lórí ọjà tó ti pẹ́ nílẹ̀. Fún ẹni tó ń nájà ṣáá, ẹ fi èènì tí kò wọ́n yín kún un dípò kí ẹ yọ owó. Kí ẹ sì kọ iye tó kéré jù tí ọjà kọ̀ọ̀kan lè lọ sínú ìwé, kí ẹni tó ń bá yín tajà má bàa máa fi ojú àánú dá iye.

4. Àwìn. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò ní tà á láéláé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwìn tí kò ní ọjọ́ kì í ṣe àwìn, ẹ̀bùn ni. Ẹ kọ orúkọ, ohun tó gbé, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò san án, kí ó fọwọ́ sí i tàbí kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi òdiwọ̀n sí i: ẹni tí kò tíì san ti àná kò ní gbé ti òní. Ẹ pè é ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìsanwó. Bí ẹ bá dúró títí ọjọ́ fi kọjá, ẹ ti di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tirẹ̀. Ní ìparí oṣù, ẹ pín gbogbo gbèsè tó wà níta sí mẹ́ta: èyí tí kò tíì ju ọjọ́ 30 lọ, èyí tó wà láàárín 31 sí 60, àti èyí tó ti kọjá 60. Ìlà kẹta yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe wúwo tó: bí 15 bá ni èrè yín nínú 100 tí ẹ tà, tí ẹnì kan sì gbé ọjà 10,000 sá lọ, ojú owó yín tó lọ jẹ́ 8,500. Kí èrè tó dí ihò 8,500, ẹ ó ta ọjà tó tó 56,667. Nítorí ẹnì kan tí ẹ ń tijú rẹ̀.

Ọjà ńlá tí wọ́n bá fẹ́ san owó rẹ̀ lẹ́yìn 60 ọjọ́ tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí ó máa ń jọ oríire. Wọ́n ní kí ẹ kó ọjà 400,000 wá, 300,000 ni ẹ máa fi rà á, èrè 100,000. Ẹnu ti là. Ṣùgbọ́n bí 300,000 yẹn bá jẹ́ gbogbo owó òwò yín, tó sì máa ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní 20 ọjọ́, tó ń mú 50,000 wá nígbà kọ̀ọ̀kan, 150,000 ni ì bá mú wá láàárín 60 ọjọ́ yẹn. Ẹ ti sọ 50,000 nù, igbá sì ṣófo fún oṣù méjì, àwọn oníbàárà ojoojúmọ́ ti rí ibòmíràn lọ. Ẹ béèrè ìdajì owó kí ẹ tó rà á. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé ìwọ̀n tí ọwọ́ yín ká.

Lógò, káàdì ìdánimọ̀ àti ọ̀rá 5,000 tí wọ́n tẹ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sí lára kí ẹ tó rí oníbàárà ogún: ẹ má ṣe é. Ìgbà tí ẹ bá yí nọ́ńbà fóònù padà ni ẹ máa mọ̀.

Ní ti password ojú ìwé òwò yín: ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ọmọ tó ń bá yín ṣe ojú ìwé Facebook nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ tan ìdánilójú onípele méjì (two-step verification, ìyẹn kóòdù tí wọ́n á tún béèrè lẹ́yìn password kí ẹnikẹ́ni tó lè wọlé), kí ó wà lórí nọ́ńbà yín. Kí ẹ sì ní nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sínú ìwé, nítorí ojú ìwé lè pòórá lóru ọjọ́ kan.

6, tàbí 7, nọ́ńbà ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́: ríra ọjà nígbà tí igbá bá ti ṣófo. Bí ẹ bá ń ta 6 lójúmọ́, tí ọjà sì ń gba ọjọ́ 9 kó tó dé, ẹni tó dúró kó tán pátápátá ti sọ 54 nù kí tuntun tó wọlé. Ẹ sọ 6 di ìlọ́po 9, ó jẹ́ 54. Ẹ fi ti ọjọ́ 4 lé e nítorí ìdádúró ojú ọ̀nà, 24. Àpapọ̀ 78. Ẹ kọ 78 sára pákó tí ọjà náà wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ tó bá ku 78, ẹ pe ẹni tó ń kó o fún yín. Ní òdì kejì, èyí tí ẹyọ kan kò tà nínú rẹ̀ fún 90 ọjọ́, ẹ tà á ní ojú owó kí owó rẹ̀ lọ ra èyí tó ń rìn. Ẹ má máa nu eruku ara rẹ̀ kiri.

Ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì. "Ẹni 80 ló kọ̀wé sí mi!" Ẹni mélòó ló rà? Bí ẹ bá ná 5,000, tí ẹni 4 rà, oníbàárà kan ti jẹ́ 1,250. Bí èrè orí ẹyọ kan bá jẹ́ 254.50 tí a ṣírò lókè, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ rà á lẹ́ẹ̀karùn-ún kí owó ìpolówó tirẹ̀ tó jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá rà pé níbo ló ti rí yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ tó tún fi owó sí i.

Owó orí ọjà tí ìjọba ní kí ẹ bá òun gbà lọ́wọ́ oníbàárà, kì í ṣe tiyín. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tó wọlé.

Ó ku ìwé alaalẹ́. Ìlà mẹ́rin péré ni: owó tó wà nílẹ̀ láàárọ̀, owó tó wọlé, owó tó jáde àti ohun tí ẹ ná an lé, iye tó yẹ kó kù. Ẹ kọ ọ́ tán kí ẹ tó ka owó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ọwọ́ má bàa máa tẹ ìṣirò síbi tí ojú ti rí. Ẹ wá ka owó. Bó bá dín, ẹ kọ iye tó fi dín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó wà nídìí ọjà lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi owó àpò yín dí i kí ìwé lè gún. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ wo àwọn ọjọ́ tó dín, bóyá ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́.