Ohun Tó Ń To Fọ́nrán Iná Nínú Gáàsì: Ìrírí Mi

Tí a bá fi iná alágbára gba inú gáàsì tó wà láàárín gíláàsì méjì, kì í sábà tàn kárí. Ó máa ń pín sí fọ́nrán tín-ín-rín tín-ín-rín, nígbà mìíràn àwọn fọ́nrán yìí á sì tò lọ́nà tó gún régé láìsí ẹni tó tò wọ́n. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń tò wọ́n, ni mo bá gbé e kalẹ̀ fúnra mi.

Mo mú gíláàsì pẹlẹbẹ méjì dojú kọ ara wọn, mo fi àlàfo mìlímítà 2 sáàárín. Mo so ike róbótó tó kún fún omi iyọ̀ mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì kọ̀ọ̀kan, mo sì ki wáyà bọ inú omi náà. Omi ń gbé iná, ó ń mú kí gíláàsì tutù, ojú sì ń ríran gba inú rẹ̀ kọjá. Gáàsì ágọ́ọ̀nù ni mo fi sí àlàfo, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ díẹ̀. Fólítì rẹ̀ wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iná sì ń yí ìhà padà lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú iná bẹ́ẹ̀ ń pànìyàn, nítorí náà n kì í fọwọ́ kan ohunkóhun kí n tó pa á, kí n sì fi wáyà tó wọlẹ̀ kan ike méjèèjì. Fèrèsé náà gbọ́dọ̀ ṣí, torí pé ósóònù, gáàsì tó ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára, ń jáde. Ósóònù yìí gan-an ni Werner von Siemens, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, ń wá nígbà tó ṣe irú ètò yìí ní 1857.

Mo rọra gbé fólítì sókè. Fọ́nrán díẹ̀ kọ́kọ́ tàn, wọ́n ń rìn kiri. Bí mo ṣe ń fi kún un ni wọ́n ń pọ̀ sí i, títí àlàfo fi kún, tí wọ́n sì dúró sójú kan: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́fà, bí ihò afárá oyin. Mo wò ó títí. Nígbà tí mo fi afẹ́fẹ́ kún gáàsì náà, ètò yẹn dàrú, àwọn fọ́nrán ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Gíláàsì ló fa gbogbo rẹ̀. Iná kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn èérún kékeré tó ń gbé iná, tí fọ́nrán kan bá gbé dé ojú gíláàsì á jókòó síbẹ̀. Ṣáájì, ìyẹn iná tó jókòó sójú gíláàsì yìí, á takò iná tó ń bọ̀, fọ́nrán náà á sì kú kíákíá, láàárín ìwọ̀nba ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Kò ní jẹ́ kí fọ́nrán mìíràn tàn sítòsí pẹ̀lú. Àmọ́ nígbà tí iná bá yí ìhà padà, ṣáájì kan náà á di olùrànlọ́wọ́, fọ́nrán tuntun á sì tàn níbi tí ti àkọ́kọ́ wà. Ó ń pe tirẹ̀ padà, ó sì ń lé aládùúgbò jìnnà. Ètò onígun mẹ́fà sì ni ibi tí gbogbo wọn ti lè jìnnà síra bákan náà.

Mo wá ẹ̀rí. Mo rẹ fólítì sílẹ̀ ju ibi tí fọ́nrán ti kọ́kọ́ tàn lọ. Wọn kò kú, torí pé ṣáájì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìgbà tí mo tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i ni wọ́n tó ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rí kejì dùn mọ́ mi jù. Ní 1777, onímọ̀ físíìsì kan, Georg Christoph Lichtenberg, ní Göttingen, ní Jámánì, fi lẹ́búlẹ́bú hàn ibi tí ṣáájì jókòó sí. Mo ya àwòrán àwọn fọ́nrán, mo pa iná, mo ṣí gíláàsì náà láìnu ojú rẹ̀, mo sì wọ́n lẹ́búlẹ́bú tóńà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lé e fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí mo gbọn èyí tí kò lẹ̀ kúrò, àmì róbótó róbótó ṣẹ́ kù. Mo fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín wọn, ó sì bá ti àwòrán mu.