Ìjókòó Ni Mo Fi Bẹ̀rẹ̀: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Pẹ̀lú Ọmọ Mẹ́rìnlá Nídìí Kíbọ́ọ̀dù

Olùkọ́ kan ní ilé-ìwé kan ní Kabba, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ló pè mí pé kí n wá kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ kíbọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà wọn, mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. A fi ìkíni àdúgbò náà kí ara wa, "Ọ̀kun o, Àǹtí," "Ọ̀kun o," mo ní kí kálukú jókòó, kó tẹ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀, mo wá lọ dúró lẹ́bàá ògiri, mo ń wò wọ́n. Àwọn ọmọ SS2 ni wọ́n, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ la wà. Àwọn kan ń gbé inú ìlú, àwọn kan ń wọ ọ̀kadà wá láti Ìjùmú àti Bùnú.

Ohun tí mo rí dùn mí. Ọmọkùnrin kan tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí àga rọ́bà tó rẹlẹ̀, tábìlì ga dé àyà rẹ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì ti gòkè lọ bá etí. Ìka kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Mo mọ ibi tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ń gbé èèyàn lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tẹ project fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Lọ́kọ́ja. Láti àárọ̀ dalẹ́, ọrùn ọwọ́ mi á wà lórí etí tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ á tẹ̀ sókè. Nígbà tó yá, bí mo bá sùn lóru, àtàǹpàkò mi, ìka tó tẹ̀ lé e àti ìka àárín á kú, á wá máa ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ṣàlàyé pé iṣan ìmọ̀lára kan wà tó gba ojú ihò tóóró kan kọjá nínú ọrùn ọwọ́, òun ló ń mú kí àwọn ìka yẹn mọ nǹkan lára. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ara ibẹ̀ sì wú, ihò yẹn á há mọ́ iṣan náà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè gún iyán.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún olùkọ́ náà pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìjókòó nìkan la máa kọ́. Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré la ní o." Mo ní mo mọ̀.

Òfin ìjókòó kò ṣòroó sọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìdí á wọlé dé ẹ̀yìn àga. Ìgúnpá á sún mọ́ ìhà, á ká bí igun àpótí, ọwọ́ á wá na gbọọrọ sí kíbọ́ọ̀dù láìtẹ̀ sókè, láìtẹ̀ sísàlẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà á jìnnà síni tó ìwọ̀n apá kan, òkè rẹ̀ á sì bá ẹyinjú dọ́gba. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ pa òfin yìí mọ́ lórí àga tí kò ṣeé gbé sókè, tí kò ṣeé rẹ̀ sílẹ̀? Èyí máa ń bí mi nínú: a máa ń ná owó tabua lórí kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni kì í béèrè irú àga tí ọmọ máa jókòó lé.

Ohun tó wà nílẹ̀ la lò. A to àga rọ́bà méjì-méjì léra fún àwọn tí tábìlì ga jù fún. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn kan ti kúrò nílẹ̀, a bá wá àfọ́kù búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ kí wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Káfíńtà kan tó wà ní òdìkejì títì fún wa ní àgékù pákó láìgba kọ́bọ̀, àwọn la fi gbé ojú kọ̀ǹpútà ga. Ọmọ kan wà tó ga ju gbogbo wọn lọ, orúnkún rẹ̀ ń gbá tábìlì. Tábìlì tirẹ̀ la gbé lé búlọ́ọ̀kù.

Àṣìṣe kan wà tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì. Mo ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n nàró, kí wọ́n nàró, títí gbogbo wọn fi gan bíi sójà lórí ìdúró. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ń ráhùn ẹ̀yìn ríro. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀yìn tó gún kọ́ ni ẹ̀yìn tó gan. Àga ló yẹ kó gbé ẹ̀yìn dúró, kí iṣan ara sinmi. A ká aṣọ sẹ́yìn ìbàdí wọn, mo ní kí wọ́n mí sínú, kí wọ́n jẹ́ kí èjìká já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé wọn.

Ìgbà yẹn náà ni ọmọbìnrin kan láti Bùnú, tí kì í sọ̀rọ̀, là á mọ́ mi. "Àǹtí, bí màmá àgbà mi ṣe ń jókòó sídìí òfì nìyí." Òfì obìnrin, èyí tó ń dúró lóòró, ló ń wí. Ó ní màmá kì í tẹ̀ síwájú bá aṣọ. Bí ibi tí wọ́n ń hun bá ti ń gòkè, ńṣe ni wọ́n máa ń fà á sọ̀kalẹ̀ kó lè wà níwájú àyà wọn. Mo ní kó dìde kó tún un sọ fún gbogbo kíláàsì. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹni tó tẹ̀ síwájú, mi ò wí ju "Fa aṣọ náà sọ̀kalẹ̀" lọ, á sì fa kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ra.

Ọ̀sẹ̀ kejì la tó kan ìka. Mo ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n fi ọwọ́ wá ibi tó yọ gbọ̀ngbọ̀n díẹ̀ lára F àti J. Ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ló ń gbé ibẹ̀; àwọn yòókù á tò lé A, S, D lápá òsì, àti K, L àti àmì tó tẹ̀ lé L lápá ọ̀tún. Àtàǹpàkò ló ni bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀. Bí ìka kan bá jáde lọ tẹ lẹ́tà mìíràn, ilé ló gbọ́dọ̀ padà sí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi ìlà àárín nìkan tẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ sí pátákó, láìfi àmì sí wọn: aja, ala, gaga, falala, alaga. Wọ́n fẹ́ràn alaga gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: lẹ́tà A pọ̀ nínú èdè wa, ọmọńdinrín ọwọ́ òsì tí kò lágbára ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Ìka yẹn ni a fún ní iṣẹ́ jù.

Iná kì í sábà sí. Epo jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fún wa kò ju ti wákàtí kan lọ lóòjọ́. Mo bá ní kí wọ́n máa lo kíbọ́ọ̀dù láìtan kọ̀ǹpútà. Ìborùn mi àti ti àwọn ọmọbìnrin la fi bo ọwọ́ wọn, mo ń pe lẹ́tà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ aṣọ. Bọ́tìnnì ń dún bí iná ò tiẹ̀ sí. Bí gbogbo ẹ̀ bá dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ ọ̀nà. Bó bá ń dún wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń wá a. Bí mo bá lówó epo fún gbogbo ọjọ́, mi ò ní yọ apá yìí kúrò.

Ọ̀kan nínú wọn béèrè ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀: "Àǹtí, ṣebí A, B, C, D, P, N, S àti R nìkan ni JAMB ń lò?" Òótọ́ ni, bọ́tìnnì mẹ́jọ yẹn tó fún UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì tí JAMB ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Mo dá a lóhùn pé wákàtí méjì ni UTME, ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yunifásítì. Mo sọ ìtàn Frank McGurrin fún wọn, akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ní Salt Lake City, tó bá Louis Traub díje lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé (taipúráítà) ní Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1888. McGurrin ti há ipò gbogbo lẹ́tà sórí, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń lò, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ìwé tó ń dà kọ. Òun ló borí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló le jù. Ẹni tó bá fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ falẹ̀. Ọmọkùnrin tó yá jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó ń fi ìka méjì tẹ ọ̀rọ̀ 18 ní ìṣẹ́jú kan (ìtẹ̀ márùn-ún, pẹ̀lú àlàfo, là ń kà sí ọ̀rọ̀ kan), já wá sí 7. Inú bí i. Mo rí i tó ń yọ́ padà sí ìka méjì bí mo bá kẹ́yìn. Mi ò bá a jà. Mo gbé ojú ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní kó dà á kọ bó ṣe wù ú. Ó wo ìwé, ó wo bọ́tìnnì, ó wo ìwé, ìlà ti sọnù mọ́ ọn lójú. Ó fo odindi gbólóhùn kan láìmọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a parí, ó ti dé 22, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lára àga.

Ní ogún ìṣẹ́jú-ogún ìṣẹ́jú, a máa ń dìde, a máa ń gbọn ọwọ́, a sì máa ń wo igi máńgòrò tó wà lókèèrè kí ojú lè sinmi. Ìyẹn ò gba àlàyé.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, mo ní kí wọ́n tẹ ìwé ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó wù wọ́n. Ọmọ Bùnú yẹn ń kọ̀wé sí màmá àgbà rẹ̀, ó sì fẹ́ fi Ọ̀kun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè: "Àǹtí, níbo ni àmì wà?" Mo fà á mọ́ àga mi. Mo fi hàn án pé kọ̀ǹpútà ní Ọ tó ní àmì lábẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò ní èyí tó gbé àmì ohùn lórí pọ̀ mọ́ ọn. Ọ là ń kọ́kọ́ tẹ̀, àmì ohùn á wá tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù kó jọ sẹ́yìn wa. Ó tẹ Ọ. Bó ṣe fẹ́ tẹ àmì orí rẹ̀, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó tẹ èyí tó kù lórí kíbọ́ọ̀dù tó ti kú náà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún, ojú rẹ̀ ò wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.