Bí a ṣe ń há epo pupa mọ́nú ọ̀lẹ̀lẹ̀

Àwọ̀ tó ń mú epo pupa pọ́n ni ara ń sọ di fítámínì A. Omi kì í yọ́ ọ. Ọ̀rá ló ń gbé e. Bí epo bá sì wà ní ẹ̀kán wínníwínní nínú oúnjẹ, òróòro á tètè rí i tú ju èyí tó ṣù jọ lọ. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ dára fún iṣẹ́ yìí, torí bó bá ti dì, epo inú rẹ̀ kò ríbi sá lọ mọ́. (Èkuru ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìta ni epo tiẹ̀ ń gbé.)

Ẹ wá ẹ̀wà gíráàmù 500, epo mílílítà 120, pupa ẹyin méjì, ata, àlùbọ́sà, iyọ̀, àti omi mílílítà 700. Omi ata wà nínú 700 yẹn o. Ẹni tó bá tún bu omi ata lé e ti po ẹ̀kọ mímu. Bí ẹ bá ń ra epo lọ́jà Akẹ̀sán, ẹ mú èyí tó wà lábẹ́ ibòji, torí oòrùn máa ń ba àwọ̀ yẹn jẹ́. Ẹ má dín in títí tí yóò fi funfun: ohun tí à ń wá gan-an lẹ jó dànù yẹn.

Ẹ rẹ ẹ̀wà, ẹ bó o, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Bó bá ṣì ní hóró lábẹ́ ìka, ẹ tún un lọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á da epo lé ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fi ìgbakọ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ lu pupa ẹyin mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ ife kan nínú bílẹ́ńdà. Ẹ yọ́ epo kó lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán. Bó bá gbóná, ẹyin á sè. Ẹ máa ṣẹ́ ẹ sí i tẹ́ẹ́rẹ́ bí bílẹ́ńdà ṣe ń yí. Pupa ẹyin ni yóò bo ẹ̀kán epo kọ̀ọ̀kan, tí wọn kò fi ní tún lẹ̀ mọ́ra. Ẹ wá dà á mọ́ ẹ̀wà yòókù àti ata, kí ẹ lù ú dáadáa. Ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi: bí ojú epo bá yọ lókè, kò tíì tó.

Ẹ má jẹ́ kó jókòó. Omi ìkòkò gbọ́dọ̀ ti máa hó kí ẹ tó pọ́n ọn sínú ewé eéran. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, epo á ti gòkè, ẹ̀wà á ti silẹ̀ kó tó dì. Ìṣẹ́jú 45 sí 60 ló ń gbà.

Ẹ là á wò nígbà tó bá tutù. Bí omi bá ń sun jáde, omi pọ̀ jù. Bó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, omi kò tó. Bí orí bá pọ́n tí ìdí funfun, lílù ni kò tó, tàbí iná ló falẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e sí fíríìjì pẹ̀lú ewé rẹ̀ lára, kí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ má baà kàn án.