Wáyà cháàjì ọkọ̀ oníná: ẹ ra èyí tó ṣeé dín kù
Ẹ̀yin ará wa ní Kábà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti agbègbè, bí ẹ bá fẹ́ ra wáyà tí ẹ ó máa fi cháàjì ọkọ̀ oníná nílé, èyí tí ẹ lè dín amp rẹ̀ (ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá) kù fúnra yín ni kí ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ ra èyí tó tóbi jù lọ́jà. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ló ń pinnu bí iná ṣe máa wọlé tó. Ọkọ̀ tí kò lè gbà ju 16 amp lọ, bí ẹ fi wáyà 32 amp sí i, 16 náà ló máa gbà, owó yín ló ṣòfò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa, 13 amp ni, kò sì yẹ ká lò ó dé góńgó mọ́jú. Ẹ fi wáyà náà sí 10 tàbí 8 amp. Bí iná bá pé 230 volt, 10 amp á gbé nǹkan bí 18 kilowatt-hour (ìyẹn yúnìtì orí mítà iná) wọlé ní wákàtí mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò lè dúró, ẹ pa á, kí oníṣẹ́ iná wá wo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹkisitẹ́ńṣọ̀n sí i rárá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ya fọ́tò ihò cháàjì ọkọ̀ yín dání. GB/T ni ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà, Type 2 ni ti Yúróòpù, wọn kì í wọ ara wọn.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n mú wá, wáyà náà lè dá iṣẹ́ dúró, kódà bí ẹ dín in kù. Ẹ dúró di òru, nígbà tí àdúgbò bá ti pa fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù wọn.