Ṣé ẹ fẹ́ ṣe ẹ̀dà ẹṣin yín? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ìwé ìran ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ

Bí èèyàn bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà ẹṣin rẹ̀ (clone, ìyẹn ọmọ tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ẹṣin kan ṣoṣo ṣe, tí DNA rẹ̀ sì bá tirẹ̀ mu), iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń pè. Wọ́n á sanwó, ọmọ ẹṣin á délẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹgbẹ́ tó ni ìwé ìran, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ẹṣin ìran kan àti òbí wọn sí, kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. ViaGen, ọ̀kan lára àwọn iléeṣẹ́ náà, ní Texas, ti gba $85,000 lórí ẹṣin kan rí. Kí irú owó bẹ́ẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n sì fi ìwé dá yín lóhùn: ṣé ẹ̀dà fúnra rẹ̀ lè wọ ìwé ìran? Àwọn ọmọ tó bá bí ńkọ́? Ṣé ó lè díje?

Bí ẹṣin yín bá jẹ́ Quarter Horse, ìran ẹṣin Amẹ́ríkà kan, ọ̀nà ti dí. Láti ọdún 2004 ni AQHA, ẹgbẹ́ wọn tó wà ní Amarillo, ti fi òfin de ẹ̀dà àti ọmọ ẹ̀dà. Àwọn kan pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì jàre ní 2013, àmọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní oṣù Kìíní 2015. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré: ẹ má ṣe gbọ́kàn lé ilé ẹjọ́. Ti Thoroughbred, ìran ẹṣin eré sísá, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí akọ kò bá gun abo fúnra rẹ̀, ọmọ náà kò lè wọ ìwé, débi tí a ó máa sọ ti ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n Zangersheide, ẹgbẹ́ tó ni ìwé ìran kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ń gba àwọn ẹ̀dà. Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀dà Ratina Z, abo ẹṣin olókìkí nínú eré fífo, ti gba orúkọ Alpha, Beta àti Gamma. FEI, àjọ eré ẹṣin lágbàáyé, fòfin de ẹ̀dà pé kò gbọ́dọ̀ díje ní 2007, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní 2012. Ní Ajẹntínà, ẹ̀dà mẹ́fà ti abo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Cuartetera ni Adolfo Cambiaso, agbá-pólò, gùn níbi àṣekágbá pólò ní Palermo ní 2016.

Kì í ṣe ìgbéraga ló ń mú kí àwọn olùtọ́jú ìwé kọ ẹ̀dà; ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. DNA ni wọ́n fi ń mọ bàbá àti ìyá ọmọ ẹṣin. DNA inú kókó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dà bá ti ẹni àkọ́kọ́, ìyẹn ẹṣin tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mu, nítorí náà àyẹ̀wò yìí kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bàbá àti ìyá ẹni àkọ́kọ́ ni yóò máa tọ́ka sí. DNA mitochondria, tí kò sí nínú kókó sẹ́ẹ̀lì, tó sì ti ara abo tó fúnni ní ẹyin tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà wá, nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ hàn. Bí wọ́n bá sì kó ẹyin náà láti ilé ìpẹran, ta ni yóò mọ abo tó ni ín? Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ iléeṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó wọ inú ìwé àdéhùn.

Tí ọ̀nà bá là, dókítà ẹranko ni yóò gé awọ díẹ̀ lára ẹṣin yín, èyí tí iléeṣẹ́ yóò ti rí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹ̀dà. Abẹ́ irun ọrùn ló dára jù. Kó fá ibẹ̀, kó wẹ̀ ẹ́, kó fi omi oníyọ̀ ṣan oògùn ìfọ̀ kúrò dáadáa, torí oògùn tó bá ṣẹ́ kù lè pa sẹ́ẹ̀lì, kó wá fún un ní abẹ́rẹ́ ìparora. Awọ tó tó èkánná ọmọ ìka ti tó. Inú omi tí iléeṣẹ́ fi ránṣẹ́ ni kó wọ̀, kó wà lórí áìsì, kó sì gbéra lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dì! Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn, torí omi inú sẹ́ẹ̀lì tó bá di yìnyín á fà á ya. Iléeṣẹ́ nìkan ló mọ bí a ṣe ń dì í sínú nitrogen olómi, ní ìwọ̀n −196°C. Bí ẹṣin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, awọ rẹ̀ ṣì lè wúlò bí ẹ bá tètè gé e, kí ó sì wà nínú òtútù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ àrùn ìdílé wò. Bí HYPP, àrùn iṣan tó tàn kálẹ̀ láti ara akọ Quarter Horse kan tó ń jẹ́ Impressive, bá wà lára ẹni àkọ́kọ́, kò ní kúrò lára ẹ̀dà. Lójú tiwa, ẹṣin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni àwíjàre rẹ̀ lágbára jù. Ẹ wo Pieraz, ẹṣin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá tó gba ipò kìíní lágbàáyé nínú eré ọ̀nà jíjìn ní 1994 àti 1996: kò lè bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n bí ní 2005 di akọ tí wọ́n fi ń gba ìran. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ kan náà yóò gba ìran kan ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù, pàápàá bí èèyàn bá ń ṣe ẹ̀dà akọ tó ti bí ọmọ rẹpẹtẹ.

Oyún náà yóò tó oṣù mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ kí abo tó gbé oyún náà bí sí ibi tí dókítà wà, torí ìdodo ọmọ ẹ̀dà lè tóbi jù, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lè má nà, òmíràn kì í sì í mọ bí a ṣe ń mu ọmú. Láàárín wákàtí 18 sí 24, ẹ yẹ IgG, èròjà tó ń gbógun ti àrùn, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí kò bá tó 800 mg/dL, ẹ sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀.

Kí ọmọ náà tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ abo tó bí i, ẹ fi ṣíìpù ìdánimọ̀ sí i lọ́rùn, kí ẹ sì fa irun 30 tàbí 40 tòun ti gbòǹgbò lára rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpòòwé bébà, kì í ṣe ọ̀rá, kó má baà bàjẹ́. Ẹ fa ti ẹni àkọ́kọ́ náà. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀dà náà lọ́tọ̀, torí funfun iwájú orí àti ti ẹsẹ̀ kì í sábà bá ti ẹni àkọ́kọ́ mu, ẹni tó bá sì fi fọ́tò àtijọ́ kún fọ́ọ̀mù máa ń gba ìwé rẹ̀ padà.