A dúpẹ́, mà

Bí ọ̀gá bá bi òṣìṣẹ́ n'Íbàdàn pé ṣé kò sí wàhálà, "A dúpẹ́, mà" náà ni yóò gbọ́. Ẹni tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹrù rẹ̀ síta lánàá gan-an, a dúpẹ́ ni. Mọ́kànlá ni wọ́n níbi tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì ní Mọ́kọ́lá. Mo fi ẹnu sílẹ̀, mo mú ìwé.

WHO-5 ni mò ń lò, ìwé ìbéèrè kékeré tó ń wọn bí ọkàn àti ara èèyàn ṣe wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ló gbé e jáde ní 1998. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ló ń bèèrè, gbólóhùn márùn-ún péré: inú mi ń dùn, ara mi sì yá; ọkàn mi balẹ̀; ara mi jí pépé; tí mo bá jí, oorun ti tó mi; ohun tó ń gbádùn mọ́ mi kún ojoojúmọ́ mi. Máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0, ìyẹn rárá, dé 5, ìyẹn ìgbà gbogbo. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó di máàkì nínú 100. Bó bá di 50 wálẹ̀, ó yẹ kéèyàn fura.

Nígbà àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ. Àṣìṣe ńlá! Gbogbo wọn ló gba 100. Èmi tí mo ni iṣẹ́ ò gba 60 lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní báyìí, kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́ orí, báírò aláwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Róbótó mẹ́fà ló wà lábẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, wọn á máàkì ọ̀kan. Àwọn méjì ò mọ̀wé kà, nítorí náà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í bá wa ṣiṣẹ́, ló ń kà á sókè. Èmi á ti jáde. Inú páálí tí a lẹ̀ pa ni wọ́n ń ju ìwé sí. Mi ò ya àwọn tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú sọ́tọ̀: ẹni mẹ́rin ni wọ́n, ta ni ò ní dá wọn mọ̀?

Ẹ má wo àròpọ̀ nìkan o. Tiwa, 3 àti 4 ló pọ̀ jù, àfi ti oorun tó jẹ́ 0 àti 1 lórí ìwé mẹ́rin. Àṣé aago méje àárọ̀ tí àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú bá fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni a máa ń fọ páànù búrẹ́dì, gbàn-ìn gbàn-ìn, lẹ́bàá fèrèsé wọn. Mo sún un di ọ̀sán. Lẹ́yìn oṣù méjì, máàkì oorun gòkè. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan tó yí padà, "a dúpẹ́" ni wọn á tún máa fi báírò kọ fún yín.

Ìwé kan wà tó jẹ́ 24. Mi ò mọ ẹni tó ni ín, mi ò sì wádìí. Mo kàn kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé gbogbo wọn pé ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ gba àyè lọ sí ọsibítù, owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ò ní dín.

Ẹnì kan gba àyè ní Ọjọ́rú tó kọjá. Mo ní kó tètè máa lọ, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká a mọ́ ọ̀nà.