Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń dún gbọ̀-gbọ̀, búùtù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú

Ẹ̀yin ará wa tó ń gba ọ̀nà Kàbà sí Mọ̀pà àti Ìsánlú, bí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín bá ń dún gbọ̀-gbọ̀ nínú kòtò, ẹ má tíì ra ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò nínú kòtò. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù sílẹ̀, ì báà ṣe kẹ́ẹ̀gì epo, jáàkì, sípánà tàbí táyà àfirọ́pò, kí ẹ sì tún gba orí kòtò kan tó súnmọ́ ilé kọjá. Bí ariwo bá dákẹ́, ẹrù ni. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa. Táyà àfirọ́pò tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú ló burú jù, àfi bí ẹni pé abẹ́ ọkọ̀ fẹ́ já. Bí kò bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí sàláńsà, ìyẹn páìpù èéfín abẹ́ ọkọ̀, tutù, kí ẹ fọwọ́ mì í: bí rọ́bà tó gbé e kọ́ bá ti já, yóò máa gbá abẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà tó wà ní oríkèé irin abẹ́ ọkọ̀) àti ṣọ́ọ̀kì, iṣẹ́ mẹkáníìkì sì nìyẹn. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ló ń dún, tàbí táyà ẹ̀yìn ń mì, ẹ má tún wà á káàkiri láti dán an wò. Ẹ páàkì, kí ẹ pe mẹkáníìkì.